Ọwọ́ Tí Kì Í Sùn

Áńtí Ìròyìn ni ó kọ́kọ́ rí fídíò náà, nítorí kò sí ohun tí Áńtí Ìròyìn kì í kọ́kọ́ rí. Bí ẹnìkan bá sín ní òpin àdúgbò, òun ni yóò sọ fún ìyá onítọ̀hún pé òtútù ti mú ọmọ rẹ̀. Iṣẹ́ tirẹ̀ ní ilé ìfọṣọ ni kí ó máa ká aṣọ tí wọ́n ti lọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ kan ló fi ń ká a. Fóònù ló wà ní ọwọ́ kejì.

"Ẹ wá wò ó o!" ni ó pariwo. "Ẹ wá wo ọkọ tó mọ ìtọ́jú ìyàwó! Ẹ jẹ́ kí n rí ẹni tí yóò tún sọ fún mi pé ìfẹ́ ti tán láyé."

Alọṣọ kò gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ó kàn na ọrùn ni. Alọṣọ ni gbogbo òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ń pè é, nítorí kò sí ẹni tó lè lọ kọ́là ẹ̀wù bíi tirẹ̀. Kọ́là tó bá ti ọwọ́ rẹ̀ kọjá lè dá dúró fúnra rẹ̀, kí ó sì kí ènìyàn káàárọ̀.

Inú rélùwéè àárọ̀ ni wọ́n ti ya fídíò náà. Ọkùnrin kan jókòó, ó fa fìlà bojú, ó fi orí lé èjìká obìnrin kan tó sanra dáadáa, tó wọ kóòtù aláwọ̀ ọsàn. Ọwọ́ ọkùnrin náà ni àwọn ènìyàn ń tìtorí rẹ̀ kígbe. Ó di apá obìnrin náà mú, ó ń tẹ̀ ẹ́, ó ń yí i, ó ń rọra fún un, bí ẹni tí kò ní ibì kankan láti lọ láyé. Obìnrin náà ń wo ìta láti ojú fèrèsé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Wọ́n kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: Ìfẹ́ kì í darúgbó.

"Àìmọye èèyàn ló ti wò ó," Áńtí Ìròyìn ní. "Ọkọ tèmi, bí ó bá di apá mi mú, rìmóòtù tẹlifíṣọ̀n ló ń wá lábẹ́ mi."

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Alọṣọ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ti rí àpá iná tó wà lẹ́yìn ọwọ́ ọ̀tún ọkùnrin náà, èyí tí ẹnu ààrò búrẹ́dì fi sí i lára. Òun gan-an ló ń fi ìpara pa á nígbà tí ó ṣì jẹ́ egbò.

"Ọkọ mi nìyẹn," ni ó wí.

"Háà!" Áńtí Ìròyìn fò mọ́ ọn lọ́rùn. "Ẹ̀yin yìí, ẹ mà mọ nǹkan fi pamọ́ o! Kóòtù yẹn sì bá yín mu gan-an. Ó kàn jẹ́ kí ẹ sanra díẹ̀ ni..."

Ó wo fóònù. Ó wo Alọṣọ, tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn ìsáṣọ. Ó tún wo fóònù. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Áńtí Ìròyìn wá ọ̀rọ̀ tì. Òórùn ohun tó ń jóná ni ó ta wọ́n jí: kọ́là lọ́yà kan ti dúdú lábẹ́ áyọ́ọ̀nù.

Alọṣọ fẹ́ràn ọkọ rẹ̀. Nígbà tí ọkùnrin náà ṣì ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìkẹ́rùsí, wọ́n jọ ń jí ni, wọ́n jọ ń sùn ni. Ìgbà tó di oníbúrẹ́dì ni ayé wọn pín sí méjì. Òru ni búrẹ́dì máa ń fẹ́ kí wọ́n ṣe òun, ọ̀sán ni aṣọ máa ń fẹ́ kí wọ́n lọ òun. Bí ọ̀kan bá ń wọlé, èkejì ń jáde. Ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti ń pàdé bí oòrùn àti òṣùpá, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì ti ń sọ ìròyìn ilé fún ara wọn: omi ò wá, ọbẹ̀ wà nínú ìkòkò kékeré, ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ tún ti ń há. Ọjọ́ ìsinmi ọkọ kì í bá ti ìyàwó mu. Ibùsùn kan náà ni wọ́n ń sùn sí, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tí ibùsùn náà ti rí àwọn méjèèjì pọ̀ kẹ́yìn. Bí Alọṣọ ṣe ń lọ sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, ọkàn rẹ̀ ń sọ fún un pé: ìwọ lo fi àyè sílẹ̀, ẹlòmíì ti wá jókòó sí i.

Ó bá ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń de okùn bàtà.

"Adúmáadán mi, káàbọ̀. Ọbẹ̀..."

"Ta ni obìnrin yìí?" Ó gbé fóònù sí i lójú. "Mo ní ta ni? Dá mi lóhùn kí o tó jáde."

Ẹ̀rù ba Oníbúrẹ́dì kí ó tó wo fóònù rárá. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ" ni ìyàwó rẹ̀ ń fi bá a sọ̀rọ̀. Àfi bí inú bá bí i dójú àmì ni "ẹ" máa ń di "o". Ó wo fídíò náà tán, ó tún un wò. Ó gbé ọwọ́ ara rẹ̀ sókè, ó yí i síwá sẹ́yìn, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tà á fún.

"Ọwọ́ mi nìyí," ó ní. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́."

"Ọwọ́ rẹ ni, ṣùgbọ́n ìwọ kọ́! Àbí ọwọ́ náà ti lọ gba ilé tirẹ̀ ni?"

"Mò ń sùn ni! Bí mo bá ti wọ rélùwéè, tí mo bá ti fa fìlà bojú, mi ò mọ nǹkan kan mọ́ títí a ó fi dé ibùdókọ̀ wa. Mi ò mọ obìnrin yẹn rí. Bí mo bá pàdé rẹ̀ níta, mo lè bi í léèrè ọ̀nà."

"Ẹni tó ń sùn, ọwọ́ rẹ̀ á wá máa ṣiṣẹ́?"

"Èmi náà ń bi ọwọ́ náà."

Bí kò bá ṣe pé inú ń bí i, Alọṣọ ì bá rẹ́rìn-ín. Ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kí ọkọ rẹ̀ kọjá, nítorí fúláwà kì í dúró de ẹjọ́ tọkọtaya. Ṣùgbọ́n kí Alọṣọ tó bọ́ bàtà tirẹ̀, ó ti mọ ohun tí òun yóò ṣe. Ìròyìn kò tó àfojúbà.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ránṣẹ́ síbi iṣẹ́ pé ara òun kò yá. Ó fi ìborùn bo orí dé iwájú, ó wọ jígí dúdú, ó sì wọ rélùwéè ní ibùdókọ̀ tó wà nítòsí ilé búrẹ́dì. Lójú tirẹ̀, ó ti fara pamọ́ pátápátá. Kò mọ̀ pé ẹni tó wọ jígí dúdú nígbà tí oòrùn kò tíì yọ ni gbogbo ènìyàn máa ń wò.

Oníbúrẹ́dì wọlé, fúláwà wà ní ìpéǹpéjú rẹ̀ bí ewú. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó fa fìlà bojú, kí rélùwéè tó ṣí, oorun ti gbé e lọ. Ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó ń ṣọ́ ọ láàárín èjìká àwọn èrò. Àánú ọkùnrin náà ṣe é. Ó ti gbàgbé bí ojú ọkọ rẹ̀ ṣe máa ń rí bí ó bá ń sùn: ẹnu rẹ̀ máa ń là díẹ̀, bíi ti ọmọdé tó fẹ́ sọ̀rọ̀ tí wọ́n dá a mọ́ ọn lẹ́nu.

Ní ibùdókọ̀ tó tẹ̀lé e, kóòtù aláwọ̀ ọsàn wọlé.

Obìnrin oníkóòtù náà wò yíká. Àyè kan ṣoṣo ló ṣẹ́kù, ẹ̀gbẹ́ Oníbúrẹ́dì sì ni. Ó mí kanlẹ̀, ó jókòó. Kò pẹ́ tí orí ọkùnrin náà fi rọra wó sí èjìká rẹ̀, tí ọwọ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá apá kiri.

"Ó tún ti dé o," ni obìnrin náà wí fún ẹni tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ṣí báàgì, ó fa táwẹ́lì ńlá kan tó ti ká roboto jáde, ó fi í sí Oníbúrẹ́dì lọ́wọ́. "Gbà, máa bá ìyẹn jà. Apá mi fẹ́ sinmi lónìí."

Ọwọ́ náà gba táwẹ́lì. Ó tẹ̀ ẹ́, ó ṣẹ́ ẹ po, ó yí i, ó tún tẹ̀ ẹ́. Ó fi ẹ̀gbẹ́ àtẹ́lẹwọ́ gé e láàárín, lẹ́yìn náà ni ó wá rọra gbá a pẹ́pẹ́, bí ẹni tó ń tẹ́ búrẹ́dì tútù sínú páànù. Ibẹ̀ ni ojú Alọṣọ ti là. Fúláwà ni ọkọ òun ń pò! Ó ti ń sùn, ṣùgbọ́n kò tíì ṣíwọ́ iṣẹ́.

Kò mọ ìgbà tó dìde, kò mọ ìgbà tó bọ́ jígí.

"Ẹ káàárọ̀, mà," ó ní. "Èmi ni ìyàwó ẹni tó ń pò yín."

Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin nìyẹn! Ẹ káàbọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá gba ẹrù yín. Bí ó bá tún pò mí sí i, màá wú, wọn á sì gbé mi sínú ààrò."

Nọ́ọ̀sì ni obìnrin náà. Iṣẹ́ òru ni òun náà ń ti bọ̀ nílé ìwòsàn. Alọṣọ bi í pé kí ló dé tí kò jí ọkùnrin náà.

"Èmi? Kí n jí i?" Nọ́ọ̀sì ní. "Ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru kì í jí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru. Bí ó bá rò pé fúláwà ni mí, kí ló burú? Àwọn aláìsàn mi ń pè mí ní ohun tó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fídíò yẹn ló dùn mí. Ọmọ mi ń bi mí pé ìgbà wo ni mo fẹ́ ọkọ tuntun tí mi ò pe òun. Mi ò mọ ẹni tó yà wá. Onítọ̀hún ò tiẹ̀ bi wá léèrè."

Ní ọ̀kánkán wọn, ọmọbìnrin kan tó ti gbé fóònù sókè rọra gbé e sọ̀kalẹ̀.

"Ẹ má bínú, mà," ó ní. "Èmi ni."

"Ìwọ!" Nọ́ọ̀sì yí gbogbo ara sí i. "Bí mo ṣe rí yìí, mo jọ sinimá lójú ẹ?"

"Mo rò pé tọkọtaya ni yín ni, mà. Mo fẹ́ràn kí n máa wo àwọn èèyàn nínú rélùwéè. Mo rí yín, inú mi dùn, mi ò sì fẹ́ kí ó kàn kọjá lọ bẹ́ẹ̀."

"O ò ṣe bi wá?"

"Bí mo bá bi yín, ẹ ó tún jókòó, ẹ ó nu ojú, ẹ ó rẹ́rìn-ín bí ẹni tó fẹ́ ya pásípọ́ọ̀tù. Ohun tí mo rí ò ní sí níbẹ̀ mọ́."

Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà.

"O ò parọ́," Alọṣọ ní. "Ṣùgbọ́n bí mo bá ń kọjá lọ lójú fèrèsé yín, tí mo rí ohun tó dára nínú yàrá, ṣé kí n pe àdúgbò kí wọ́n wá wò ó? Rélùwéè ni ti gbogbo èèyàn. Oorun ọkọ mi kì í ṣe ti gbogbo èèyàn."

"Ṣé ẹ gbọ́ yẹn?" ni ọkùnrin kan wí láti ẹ̀yìn, ó sì fi fóònù tirẹ̀ náà sápò.

Nọ́ọ̀sì dìde, ó fún Alọṣọ ní àyè rẹ̀. Orí Oníbúrẹ́dì wá èjìká tuntun, ó rí i. Ọwọ́ rẹ̀ ju táwẹ́lì sílẹ̀, ó dé orí apá ìyàwó rẹ̀, ó dúró díẹ̀, bí ẹni tó ń rò ó pé fúláwà tòní mà kéré o, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ọwọ́ náà le, ó sì gbóná. Alọṣọ rẹ́rìn-ín títí omi fi lé sí i lójú.

"Ẹ jẹ́ kí n ya èyí, mà," ọmọbìnrin náà bẹ̀ ẹ́. "Mo ti bi yín báyìí o. Màá sọ òótọ́ rẹ̀: pé oníbúrẹ́dì ni wọ́n, pé wọ́n ń sùn ni, pé ẹ̀yin ni ìyàwó wọn. Gbogbo ẹni tó wo ti àkọ́kọ́ á wo èyí. Ẹ̀gàn á kúrò lára wọn."

Ọ̀rọ̀ náà wọ Alọṣọ létí. Ó ro Áńtí Ìròyìn, bí ojú rẹ̀ yóò ṣe rí. Ó ro ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin, tó ti fi ẹkún ránṣẹ́ sórí fóònù láti àná pé wọ́n ti ba orúkọ ilé àwọn jẹ́. Fídíò kékeré kan péré, gbogbo ẹnu á sì pa mọ́. Ó wo ojú fóònù náà. Lẹ́yìn náà ni ó wo ọwọ́ tó wà lápá rẹ̀. Ó ti pẹ́ tó ti sùn ti ọkùnrin yìí kẹ́yìn. Ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ báyìí, ṣé kí ó tún pín in fún aráyé?

"Rárá," ó ní. "Bí ayé bá fẹ́ mọ̀ ọ́n, kí ayé lọ fẹ́ oníbúrẹ́dì tirẹ̀."

Ẹ̀rín sọ nínú rélùwéè débi pé Oníbúrẹ́dì mira, ṣùgbọ́n kò jí.

"Ti àkọ́kọ́ ńkọ́, mà?"

"Pa á rẹ́."

Ọmọbìnrin náà pa á rẹ́ níṣojú àwọn méjèèjì. Ó ní òun ò lè gbà á padà lọ́wọ́ àwọn tó ti gbé e kiri.

"Mo mọ̀," Alọṣọ ní. "Èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ ni mò ń bá ọ sọ. Tún jókòó, máa fi ojú wò wá. Ojú ò ná wa ní nǹkan kan."

Ọmọbìnrin náà jókòó, ó gbé àgbọ̀n lé ọwọ́, ó sì ń wò wọ́n, ó ń rẹ́rìn-ín.

Ibùdókọ̀ wọn dé. Ilẹ̀kùn ṣí, ilẹ̀kùn padé. Alọṣọ kò mira. Ibi tí rélùwéè ti ń yí padà ni Oníbúrẹ́dì tó lajú, tó rí ẹni tí òun fi orí lé.

"Adúmáadán? Kí lo ń ṣe níbí? Níbo la wà?"

"A ti dé ìparí ọ̀nà. Ẹ dìde jọ̀ọ́, ẹ ti pò mí tó. Ẹ jẹ́ ká wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa padà sílé."

Nígbà tí Alọṣọ padà síbi iṣẹ́, Áńtí Ìròyìn ti ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Ó jọ pé kò jẹun láti ìjẹta.

"Ṣé ara ti yá? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí n kú. Obìnrin oníkóòtù yẹn, ta ni?"

"Nọ́ọ̀sì ni. A ti pàdé. Èèyàn dáadáa ni."

"Ẹ ti pàdé! Ẹ jà?"

"Ó dìde fún mi, mo jókòó."

"Ó dìde níbo? Ẹ jókòó sí kí ni?" Áńtí Ìròyìn di orí mú. "Ẹ ṣàlàyé, ẹ̀yin èèyàn yìí!"

Alọṣọ fa apá aṣọ rẹ̀ bo ibi tí ọkọ rẹ̀ ti pò dáadáa, ó wọ́n omi sórí bùláòsì kan. "Mo ti bá ọ̀gá sọ̀rọ̀ lórí fóònù," ó ní. "Wọ́n ti yí ọjọ́ ìsinmi mi padà. Ọjọ́ kan náà la ó jọ máa wà nílé báyìí, èmi àti ọkọ mi."

"Kí lẹ fẹ́ máa ṣe?"

"Oorun," ni Alọṣọ dáhùn, ó sì gbé áyọ́ọ̀nù lé aṣọ.