Àjàrà Tó Wà Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Òdòdó Róòsì

Torí àjàrà kan ṣoṣo ni èmi àti màmá mi ṣe wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Lille wá sí Bordeaux nínú oṣù kẹta. Bàbá mi, Fernand, ló gbìn ín lọ́dún tí wọ́n bí mi. Àjàrà náà ni àkọ́kọ́ ní ìlà àkọ́kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òdòdó róòsì. Bàbá ti kú, a sì ti ta oko náà. Ẹni tó rà á kò fẹ́ àjàrà mọ́. Wáìnì kò tà lágbègbè wa mọ́, gbogbo èèyàn ló ń hú tiwọn.

Ọkùnrin tó ra oko náà pe Màmá lórí fóònù. Ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni katakata máa wá, pé ọwọ́ ọ̀sán ló máa kan ìlà tiwa. "Ẹ wá kó tó débẹ̀, Màdáámù Arlette. Tó bá ti kọjá, kò sóhun tí mo lè ṣe sí i."

Ẹ̀ka mẹ́rin ni Màmá fẹ́ gé, kó lè gbìn wọ́n sínú ìkòkò níwájú fèrèsé rẹ̀. Ó di sísọ́ọ̀sì tí Bàbá fi ń gé àjàrà sínú àpótí, ó fi táwẹ́lì wé e.

Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun náà la balẹ̀. Wákàtí kan ni ọ̀nà oko sí pápákọ̀ òfuurufú, bọ́ọ̀sì kò sì dé ibẹ̀. Mo ti sọ fún àwọn tó ń yáni lọ́kọ̀ pé kí wọ́n fi ọkọ̀ kékeré kan pa mọ́ dè mí. Ludovic lorúkọ ọmọkùnrin tó wà nídìí káńtà, wọ́n kọ ọ́ sí i láyà. Ó gba káàdì báǹkì mi, ó yí i síwá sẹ́yìn.

"Màdáámù, débit ni wọ́n kọ sí èyí. Crédit là ń gbà, èyí tí báǹkì fi ń yáni lówó."

"Káàdì ni káàdì. Owó mi wà níbẹ̀."

"Èmi mọ̀. Ẹ̀rọ yìí ni ò mọ̀."

Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti ń ná káàdì, n kò ka ohun tó wà lójú rẹ̀ rí. Ẹ bi ẹni mẹ́wàá ní ilẹ̀ Faransé, mẹ́sàn-án ò ní mọ èwo ló wà lọ́wọ́ wọn.

Màmá fi ìgbọ̀nwọ́ tì mí. "Bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, Nadège." Ó gbé káàdì tirẹ̀ kalẹ̀, crédit ló wà lára rẹ̀. Ó gbé ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ tì í, èyí aláwọ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú tó ti ń gbó láti ọdún 1966.

Ludovic wò ó. "Ẹ má bínú o, ọmọ ọdún mélòó ni yín?"

"Mọ́kànlélọ́gọ́rin."

"Ọgọ́rin la máa ń dúró sí, Màdáámù."

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dúró síbẹ̀? Èmi ò dúró."

Àwọn tó tò sẹ́yìn wa bú sẹ́rìn-ín. Ludovic náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò fún un lọ́kọ̀. Ó yíjú sí mi. "Ẹ ra ìnṣọ́ránsì ńlá mọ́ ọn. Tẹ́ ẹ bá ti rà á, ẹ̀rọ á gba débit yín."

Inú bí mi. Mo ní olè ni wọ́n. Mo fa Màmá lọ sí káńtà kejì, ohun kan náà ni wọ́n sọ. Mo lọ sí ìkẹta, èsì kò yí padà. Nígbà tí mo fi padà sọ́dọ̀ Ludovic, àwọn Gẹ̀ẹ́sì tó fẹ́ lọ tọ́ wáìnì wò ti kún ibẹ̀, mo ní láti tò sẹ́yìn wọn. Ó ti kọjá aago mọ́kànlá kí n tó fọwọ́ sí ohun tí mo kọ̀ láàárọ̀. Ìgbéraga ni. Kò ní orúkọ mìíràn.

A wakọ̀. Màmá gbé sísọ́ọ̀sì lé itan. A dé ìlú kékeré kan létí odò Garonne, agogo ṣọ́ọ̀ṣì sì lù, aago méjìlá. Ó ku ogún ìṣẹ́jú péré ká dé oko.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká jẹun níbí," mo wí.

"Ká kọ́kọ́ débẹ̀ ná?"

"Ta lẹ máa bá níbẹ̀? Ta ló ń ṣiṣẹ́ láago méjìlá? Títí di aago méjì, katakata yẹn á wà nílẹ̀."

Ó rò ó. Ogójì ọdún ló fi ṣiṣẹ́ nínú oko yẹn. "Òótọ́ ni. Bàbá ẹ, tí agogo bá ti lù báyìí, kò ní gé ẹ̀ka kan kún un."

A jókòó. A jẹ ọbẹ̀ ẹ̀fọ́, a jẹ ẹran pẹ́pẹ́yẹ pẹ̀lú ẹ̀wà funfun. Màmá da wáìnì díẹ̀ sínú ìyókù ọbẹ̀ rẹ̀, ó gbé àwo sẹ́nu, ó mu ún gbẹ, bí a ṣe máa ń ṣe nílé. Obìnrin tó gbé oúnjẹ wá yọjú sí fèrèsé, ó ní òjò á dé kó tó di aago mẹ́ta. A gbọ́. Kò sí èyí tó ro nǹkan kan nínú àwa méjèèjì.

Ó ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí aago méjì lù nígbà tí a dé oko. Ilẹ̀ pupa ni mo rí, láti ojú ọ̀nà títí dé ìsàlẹ̀. Wọ́n ti kó àwọn àjàrà jọ ní òkìtì mẹ́fà, gbòǹgbò lókè. Òdòdó róòsì náà ti wà nínú wọn. Ọkùnrin sísanra kan ń fi omi fọ bàtà lẹ́gbẹ̀ẹ́ katakata.

"Ṣé ẹ ò lọ jẹun ni?" mo bi í. Ohùn mi le, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ mí.

"Òjò ń bọ̀, Màdáámù. Ilẹ̀ amọ̀ ni, tó bá ti tutù, taya ò ní jáde mọ́. Orí ìjókòó ni mo ti jẹ búrẹ́dì." Ó wo Màmá àti sísọ́ọ̀sì ọwọ́ rẹ̀. "Ṣé torí ìlà tó wà lókè yìí lẹ ṣe wá? Bí aago kan ni mo débẹ̀."

Màmá lọ sídìí òkìtì àkọ́kọ́. Ó fọwọ́ kan èyí, ó fọwọ́ kan tọ̀hún. Ó tẹ̀ síwájú lọ sí ìkejì. Èmi tẹ̀ lé e, mò ń wò bíi pé mo lè dá a mọ̀. Gbogbo wọn dúdú, gbogbo wọn wọ́, amọ̀ lẹ̀ mọ́ wọn lára.

Ọkùnrin náà ṣàánú wa. "Ìyá, ẹ gé èyí tó bá wù yín. Ìkan náà ni gbogbo wọn."

"Lójú tìẹ," ni Màmá sọ.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Màmá dúró díẹ̀ sí i, ó wá pa sísọ́ọ̀sì dé, ó sì padà sínú ọkọ̀ láìgé ohunkóhun.

Mo ṣíná. Mo fẹ́ sọ pé kó má bínú, àmọ́ ojú ọ̀nà ni mo tẹjú mọ́. A fẹ́rẹ̀ẹ́ dé afárá Garonne nígbà tí Màmá yíjú sí mi.

"Pẹ́pẹ́yẹ yẹn dùn ṣá," ó ní. "O ṣeun, ọmọ mi."