Yàrá Tí Alhaji Ní Ó Tutù

Ilé Alhaji Sàlàhúdíìnì wà ní Kemta, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta ńlá kan tí oòrùn máa ń yan láti àárọ̀, tí kì í sì í tutù títí ilẹ̀ á fi ṣú dáadáa. Ilé àtijọ́ ni, páànù ló wà lórí rẹ̀, yàrá Alhaji fúnra rẹ̀ sì kọjú sí ìwọ̀ oòrùn. Ẹni tó bá ti lo oṣù kẹta rí ní Abẹ́òkúta kò nílò àlàyé. Nígbà tí àrùn rọpárọsẹ̀ kọlu Alhaji, tó mú apá àti ẹsẹ̀ òsì rẹ̀ lọ, dókítà pe Azeezat ọmọ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó ní, "Ẹ̀jẹ̀ ríru bàbá yín ò fẹ́ ooru. Ẹ má jẹ́ kí omi gbẹ lára wọn. Bí irú èyí bá tún ṣe wọ́n lẹ́ẹ̀kejì, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín o."

Azeezat kò jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá rẹ̀ ti kú, òun nìkan sì ni ọmọ tí Alhaji ní. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti ra éésì tòkunbọ̀ kan tó máa mú yàrá tutù, ó ti ní kí wọ́n gbé e kọ́ ògiri yàrá bàbá rẹ̀. Ọ́fíìsì kan ní Ìkejà ló ti ń ṣiṣẹ́. Aago márùn-ún ìdájí ló ti ń jáde lọ wọ rélùweè, ó di aago mẹ́jọ alẹ́ kó tó wọlé. Péjú aránṣọ, ará ilé kejì, ló ń bá a gbé oúnjẹ ọ̀sán fún Alhaji, tó bá ti fún un tán, á padà sídìí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀.

Lójoojúmọ́, bó bá ti di aago méjì, Azeezat á pe bàbá rẹ̀ lórí fóònù.

"Bàbá, ẹ kú ọ̀sán o. Ṣé ara le?"

"Alhamdulillahi."

"Ṣé ẹ ti jẹun?"

"Alhamdulillahi."

"Éésì ńkọ́? Ṣé yàrá tutù?"

"Alhamdulillahi, ọmọ mi. Máa ṣiṣẹ́ rẹ."

Ìdáhùn rere ni. Kò sí ẹni tí wọ́n tọ́ dáadáa nínú ilé Mùsùlùmí ní Kemta tí wọ́n á bi pé ṣé ara le, tó máa wá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ibi tó ń dùn ún. Ọlọ́run la kọ́kọ́ ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n ṣe tọ́ Alhaji nìyẹn, bí òun náà ṣe tọ́ Azeezat nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ọpẹ́ kì í sì í ṣe èsì. Azeezat bèèrè ìbéèrè, wọ́n fún un ní ọpẹ́, ó gbà á bí èsì, ó pa fóònù, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Ta ni nínú wa tí kì í ṣe bẹ́ẹ̀?

Kì í ṣe pé àmì kò sí o. Nígbà tí éésì náà ṣì lágbára, omi tó ń kán láti inú páìpù rẹ̀ máa ń kún bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀ lẹ́yìn ilé, á sì ṣàn dé ẹnu ọ̀nà Péjú, Péjú á máa kùn. Nígbà tó yá, omi náà dáwọ́ dúró. Péjú fúnra rẹ̀ ló wá dúpẹ́. Ó ní, "Anti Azeezat, ẹ ṣeun o. Omi yẹn ò yọ mí lẹ́nu mọ́." Azeezat rò pé Mùtíù, ẹnjiníà éésì tó máa ń bá wọn fi gáàsì sí i, ló bá wọn tún un ṣe. Inú rẹ̀ dùn. Ẹ wo ohun tó ń múnú ọmọ èèyàn dùn!

Iná tí wọ́n ń rà sí mítà, tó máa ń tó wọn lò fún oṣù kan, kò tó ọ̀sẹ̀ méjì mọ́. Azeezat di ẹ̀bi ru àwọn oníná. Ẹ̀rọ tó wà níta lẹ́yìn ògiri á bẹ̀rẹ̀, á gbọ̀n, á kú. Kò ní pẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ bó bá ń múra ibi iṣẹ́ ní ìdájí, ó sì ń sọ fún ara rẹ̀ pé ẹ̀rọ tó bá ṣì ń pariwo, ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Mùtíù wá fi gáàsì sí i láàárín oṣù mẹ́rin. Ojú ara Azeezat ló rí gbogbo rẹ̀, kò kàn tò ó pọ̀ ni.

Ara rẹ̀ kò sì sọ fún un. Ìgbà tó bá fi máa ti Èkó dé, Péjú ti ṣí fèrèsé, atẹ́gùn alẹ́ ti wọlé, yàrá ti fara rọ. Lọ́jọ́ Sátidé àti Sọ́ńdè tó máa ń wà nílé, Alhaji á ní kí wọ́n gbé àga òun sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, òun fẹ́ máa gbọ́ ohùn ọmọ òun. Àtàárọ̀ dìrọ̀lẹ́ ni wọ́n á jókòó síbẹ̀, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ ìyá Azeezat, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ àdìrẹ tí Alhaji fi ogójì ọdún tà ní Ìtòkú. Azeezat ka ọjọ́ wọ̀nyẹn sí ìfẹ́. Ìfẹ́ ni lóòótọ́, àmọ́ ooru wà nínú rẹ̀.

Lọ́jọ́ Túsìdeè kan nínú oṣù kẹta, wọ́n ń kun ọ́fíìsì Azeezat lọ́dà. Òórùn ọ̀dà náà le débi pé ọ̀gá wọn ní kí oníkálukú máa lọ sílé. Azeezat wọ mọ́tò gba ọ̀nà Papalanto, aago mẹ́ta kò tíì lù tó fi dé Kemta. Ó ra ọsàn dání fún bàbá rẹ̀. Láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló ti ń gbọ́ éésì tó ń ké, ara rẹ̀ sì ti ń retí atẹ́gùn tútù. Ó ṣílẹ̀kùn.

Bí ìgbà tí èèyàn ṣí ìdérí ìkòkò lórí iná ni. Ooru náà lù ú lójú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ padà sẹ́yìn. Fèrèsé wà ní títì pa, nítorí éésì. Orí ibùsùn ṣófo. Alhaji wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ibùsùn àti ògiri, ó ti bọ́ jalabíà rẹ̀, ó fi ẹ̀rẹ̀kẹ́ lé orí táìsì tútù tó wà nílẹ̀, kò mira.

Azeezat rò pé ó ti kú. Ọsàn bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan ọrùn bàbá rẹ̀, ọrùn náà gbóná, ó sì gbẹ táútáú. Alhaji lajú.

"O ti dé?" Ètè rẹ̀ ti là. "Aago mélòó ló lù? Mo ní kí n kàn na ẹ̀yìn díẹ̀ ni. Alhamdulillahi."

Azeezat bu omi fún un, Alhaji mu ife méjì láìmí. Ó fi aṣọ tútù nù ún lára, ó ṣí fèrèsé méjèèjì. Lẹ́yìn náà ló gun àga, ó na ọwọ́ sí ẹnu éésì. Rìmóòtù ní mẹ́rìndínlógún ni wọ́n yí i sí, ibi tó tutù jù. Afẹ́fẹ́ tó ń jáde sí i lọ́wọ́ gbóná ju ti ìta lọ. Ó jáde lọ sẹ́yìn ilé. Bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lábẹ́ páìpù ti gbẹ, eruku wà nínú rẹ̀, aláǹtakùn ti takùn sí i. Ẹ̀rọ tó wà lára ògiri bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀, ó gbọ̀n, ó kú.

Péjú gbọ́ ìró Azeezat lẹ́yìn ilé, ó sáré jáde. Azeezat bi í léèrè bí bàbá òun ṣe dé ilẹ̀ẹ́lẹ̀. Ẹnu ya Péjú.

"Èmi ni mo máa ń gbé wọn sọ̀kalẹ̀ bí wọ́n bá ti jẹun tán. Wọ́n ní dókítà ló ní kí àwọn máa na ẹ̀yìn sílẹ̀. Bí mo bá ní yàrá gbóná, wọ́n á ní éésì náà ò tíì gbéra ni. Bó bá di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ní kí n gbé àwọn padà, kí n ṣí fèrèsé kí ẹ tó dé."

"Lójoojúmọ́?"

"Lójoojúmọ́, àfi ìgbà tí ẹ bá wà nílé."

Àwọn méjèèjì gbé Alhaji padà sórí ibùsùn, Azeezat sì pe Mùtíù. Kò pẹ́ tó fi gun alùpùpù rẹ̀ dé, ó ṣí fìlà, ó kí i, ṣùgbọ́n kò wo ojú rẹ̀. Ó tiẹ̀ kọ́kọ́ ń ṣe bí ẹni ń wo ẹ̀rọ náà. Nígbà tó rí i pé Azeezat ò kúrò níwájú òun, ó sọ òótọ́.

"Anti, ẹ má bínú. Páìpù rẹ̀ ti jẹ, gbogbo gáàsì tí mo ń fi sí i, ó ń jò lọ ni. Látìgbà tí ọyẹ́ ti lọ ni ọkàn rẹ̀ gan-an, ẹ̀rọ tó ń gbọ̀n níta yẹn, náà ti jóná. Éésì tó bá ń tutù, ó gbọ́dọ̀ máa kán omi. Tí kò bá kán omi mọ́, tó ń jẹ iná, tó ń bẹ̀rẹ̀ tó ń kú, kò sí ohun tí gáàsì lè ṣe fún un. Òmíràn lèèyàn ń wá."

"Kí ló dé tí o ò sọ fún mi?"

"Alhaji ló ní kí n má sọ. Wọ́n ní, 'Látìgbà tí mo ti dùbúlẹ̀, ọmọ yìí ò ra bàtà fún ara rẹ̀. Má tún di ẹrù lé e lórí.' Àgbà ló sọ ọ́, Anti. Báwo ni mo ṣe fẹ́ já wọn nírọ́?"

"Tí wọ́n bá wá kú ńkọ́, Mùtíù? Ṣé ìgbà yẹn lo máa wá sọ fún mi pé wọ́n ní kí o má sọ?"

Mùtíù dorí kodò. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọ̀wọ̀ ló pa á lẹ́nu mọ́. Ọ̀wọ̀ yẹn náà ló sì kù díẹ̀ kó pè wọ́n jọ síbi jánásà, ìsìnkú Alhaji. Azeezat fẹ́ tún bú u, ó rántí aago méjì ojoojúmọ́, ó rántí bí òun ṣe máa ń yára pa fóònù nítorí iṣẹ́ tó wà níwájú òun. Ó ní kó máa lọ, kó lọ bá òun wá éésì tuntun, kó má ṣe jẹ́ tòkunbọ̀.

Ó padà wọlé, ó jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn.

"Bàbá, ẹ gbọ́. Ọpẹ́ ti Ọlọ́run ni, a ò ní yéé dúpẹ́. Ṣùgbọ́n èmi ni mò ń bi yín. Ṣé ooru ń mú yín?"

Alhaji ń wo òkè àjà.

"Ó ń mú mi," ló wí nígbẹ̀yìn. "Ó ń mú mi gan-an."

Azeezat gbé orí lé ẹ̀gbẹ́ ibùsùn, ó sunkún. Ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀ ń pa á lórí, kò ní kó dákẹ́.

Ó gba àyè ọjọ́ mẹ́ta níbi iṣẹ́. Lọ́jọ́rú ni Mùtíù gbé éésì tuntun náà dé, ó kọ́ ọ sára ògiri, kò gba kọ́bọ̀ lórí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Alhaji àti fún Azeezat pẹ̀lú. Nígbà tó fi di ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì, tó jẹ́ ọjọ́ tí àyè náà parí, yàrá náà ti tutù nini. Ọjọ́ Ajé ni Azeezat á tún padà sẹ́nu iṣẹ́.

"Bàbá, ṣé ó tutù?"

Alhaji la ẹnu, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ti fẹ́ jáde. Ó pa á dé. Ó wo ojú ọmọ rẹ̀.

"Ó ti pọ̀ jù. Otútù ń mú mi lẹ́sẹ̀."

Azeezat rẹ́rìn-ín. Ó mú rìmóòtù, ó dín in kù, ó fa aṣọ bo ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀. Yàtọ̀ sí ọ̀rọ̀ ooru ọjọ́ Túsìdeè yẹn, láti ọjọ́ tó ti dáyé, kò gbọ́ ọ rí kí bàbá rẹ̀ sọ fún un pé nǹkan kan ò tẹ́ òun lọ́rùn, inú rẹ̀ sì dùn débi pé omi lé ròrò sójú rẹ̀.

"Kí ló tún kù? Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún mi."

"Ìrọ̀rí yìí ga jù."

"Mo ti gbọ́."

"Ọbẹ̀ Péjú, iyọ̀ rẹ̀ máa ń pọ̀. Má sọ fún un pé èmi ni mo sọ ọ́."

"Iyọ̀ kẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ ríru yín? Màá sọ ọ́. Kí ló tún kù?"

Alhaji yíjú sí ògiri níbi tí wọ́n gbé éésì tuntun náà kọ́ sí.

"Ọ̀sán gùn, Azeezat. Bó gbóná, bó tutù, ọ̀sán gùn. Bí o bá ti pè mí tán, mi ò tún ní gbọ́ ohùn èèyàn mọ́ títí Péjú á fi dé nírọ̀lẹ́. Èyí tí ẹ yọ yẹn, ooru rẹ̀ ń pa mí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bó ṣe máa ń pariwo yẹn, ó ń ṣe mí bíi pé ẹnìkan wà nínú ilé."

Azeezat tẹ́tí sílẹ̀. Éésì tuntun náà ń ṣiṣẹ́ dáadáa, kò sì dún rárá.