Òkú Aláwàdà Dọ̀bálẹ̀ fún Mi

Ìyá Ṣadé, má tíì dìde, jẹ́ kí n rọ́ àlá yìí kó tó fò lọ. Òyìnbó tí mò ń túmọ̀ ìwé apanilẹ́rìn-ín rẹ̀ sí Yorùbá ló kú, mo sì lọ síbi ìsìnkú rẹ̀ nílùú Ọba. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja kí opó rẹ̀. Àwọn òyìnbó tó wá sìnkú rò pé bó ṣe yẹ nìyẹn, ni gbogbo wọn bá dọ̀bálẹ̀, àtàwọn tó gbé pósí, pósí wá wà lẹ́yìn wọn bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Òkú ṣí ìdérí, ó bọ́ sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ níwájú mi.

Mo ní, "Ẹ dìde, sà! Ẹ jù mí lọ!"

Ó ní, "Rárá o. Nínú Yorùbá, ẹ̀yin lẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀gbọ́n, ṣé ìwé mi ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín?"

Mo lanu kí n dá a lóhùn, àfi ohùn tìẹ: "Bàbá Ṣadé, ẹ̀rín kí lẹ ń rín lójú oorun?"