Ta Ló Kàn Lọ́dọ̀ Nọ́ọ̀sì Jókòó-Ná?

Nọ́ọ̀sì Jókòó-Ná ni wọ́n ń pè é, kì í sì í ṣe orúkọ ẹ̀gàn. Bí aláìsàn bá wọlé, tó fẹ́ máa ro ẹjọ́ ara rẹ̀ lórí ìdúró, á ní, "Ẹ jókòó ná." Á fa àga tirẹ̀ súnmọ́ wọn, á sì béèrè pé, "Bí ara yín bá yá tán, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?" Ẹ ò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí ní ọsibítù, àbí? Èmi náà ò gbọ́ ọ rí. Káfíńtà kan gbọ́ ọ, ló bá bú sẹ́kún, nítorí ohun tó fẹ́ ò ju pé kó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ sí èjìká lọ.

Ọsibítù ńlá ni nọ́ọ̀sì yìí ti kúrò. Ó ti di ọ̀gá níbẹ̀, ó ń yẹ èèyàn wò, wọ́n fún un láṣẹ láti máa kọ oògùn fún aláìsàn, àmọ́ ó rí i pé àwọn tó kúrò lọ́dọ̀ òun lánàá ló tún ń padà wá. Oògùn ń ṣe tirẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló ń bá wọn sọ ti oúnjẹ, ti oorun, ti ìbànújẹ́ tí wọ́n ń gbé mì? Ló bá gba yàrá méjì lókè ilé ìtajà bàtà, ó ń fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ní wákàtí kan gbáko, ó ń kọ́ wọn bí wọ́n ṣe máa mí kí ọkàn wọn lè balẹ̀, bí wọ́n ṣe máa rìn, bí wọ́n ṣe máa dín iyọ̀ kù. Oògùn wọn ńkọ́? "Ẹ máa lò ó lọ, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọwọ́ kan ò gbé ẹrù dé orí."

Ẹnì kan wà tí kò jókòó lórí àga aláìsàn níbẹ̀ rí. Màmá rẹ̀ ni.

Aránṣọ ni màmá yìí, ẹ̀jẹ̀ ríru sì wà lára rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru yìí kan náà ló dá àbúrò rẹ̀ obìnrin dùbúlẹ̀, tí apá kan ẹsẹ̀ kan ò fi ṣiṣẹ́ mọ́, ìdí nìyẹn tí ẹ̀rù fi ń ba ọmọ. Àmọ́ orí fóònù ló ti ń tọ́jú ìyá. Bí aláìsàn kan bá jáde, kí òmíràn tó wọlé, á pè: "Màámi, ṣé ẹ rìn lónìí? Ṣé iyọ̀ ò pọ̀? Ó yá o, ẹnìkan ń dúró dè mí." Màmá á ní, "Mo rìn. Ara mi le koko." Ó parí nìyẹn. Bẹ́ẹ̀, ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde! Ẹni tó ń jókòó ti gbogbo ayé, kò ráyè jókòó ti ìyá tó bí i.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ó yà sílé màmá. Màmá dìde láti bu omi fún un, ó sì ṣàdédé di ògiri mú.

"Kí ló dé, Màámi?"

"Kí ló dé bíi ti báwo? Ògiri mi ni mo dì mú. Ṣé èèwọ̀ ni?"

Ọmọ ò rẹ́rìn-ín. Ó yọ ẹ̀rọ tó fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru, ó wé e mọ́ ìyá lápá. Ohun tó rí lójú ẹ̀rọ náà ga kọjá bó ṣe yẹ. Màmá ní irọ́ ni ẹ̀rọ ń pa. Ọmọ tún un wọ̀n, bákan náà ló rí.

"Oògùn yín dà?"

Màmá wòkè, ó wolẹ̀. Ó nawọ́ sí agolo tó ń kó òwú ìránṣọ sí. Abẹ́ òwú ni oògùn wà, páálí lórí páálí, kò sí èyí tí wọ́n tíì ṣí.

"Yéè! Màámi, ẹ fẹ́ pa mí! Ta ló ní kẹ́ ẹ má lò ó?"

"Má pariwo mọ́ mi. Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀." Ohùn màmá rọlẹ̀. "Aládùúgbò mi, ọlọ́pàá tó fẹ̀yìn tì yẹn, ló ń sọ pé o fi iṣẹ́ gidi sílẹ̀, o lọ ń kọ́ àgbàlagbà bí wọ́n ṣe ń mí. Ó dùn mí wọra. Bí mo bá lo oògùn tí ara mi yá, wọ́n á ní oògùn ló ṣe é. Mo fẹ́ kí wọ́n rí i pé ọmọ mi ló ṣe é."

Nọ́ọ̀sì fẹ́ bínú, ẹkún ló bá a. Ó dì mọ́ ìyá rẹ̀. "Bẹ́ ẹ bá ṣubú lulẹ̀ ńkọ́? Ta ni mo fẹ́ máa fi iṣẹ́ náà hàn?"

Kò dúró gbọ́ èsì, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà lójú ẹsẹ̀, màmá sì gbé oògùn mì níbẹ̀, lójú gbogbo wọn. Nígbà tí wọ́n délé, tí ara ti fúyẹ́ díẹ̀, ọmọ fa àpótí ìránṣọ súnmọ́ ibùsùn, ó jókòó.

"Màámi, bí ara yín bá yá tán, kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

Màmá rẹ́rìn-ín. "Látìgbà tó o ti ń bi àwọn èèyàn, mo ti ní ìdáhùn tèmi sílẹ̀. Mo fẹ́ fi ẹsẹ̀ mi gun àtẹ̀gùn ilé ìtajà bàtà yẹn, kí n jókòó síta pẹ̀lú àwọn tó kù, kó o pè mí nígbà tó bá kàn mí. Mi ò fẹ́ ti fóònù mọ́."

Màmá ń lo oògùn, ó ń rìn, ó dín iyọ̀ kù, díẹ̀díẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ríru náà ń rọlẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, nọ́ọ̀sì ṣílẹ̀kùn, ó rí ìyá rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì, ó ń mí gúlegúle, ẹ̀rín kún ẹnu rẹ̀.

"Màámi! Ẹ wọlé."

"Rárá o. Káfíńtà ló ṣíwájú mi. Lọ dá a lóhùn."

Ó dá káfíńtà lóhùn tán, ó tún yọjú. "Ta ló kàn?"

"Èmi ni," ni màmá wí, bí ọmọ ilé ìwé. Ó wọlé, ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n sọ fún un. Ó wo ìlẹ̀kùn, ó wo àwọn tó kù lórí bẹ́ǹṣì.

"Ṣé kò sẹ́ni tó ń dúró dè ọ́ ṣá?"

Nọ́ọ̀sì pa fóònù rẹ̀, ó fa àga súnmọ́ ọn.

"Wọ́n wà, Màámi. Wọ́n á dúró."