Ìwé Ọjọ́ Orí Dúró

Ọdún tí ogun Bìáfúrà parí ni Làtífátù bí Dúró. Gbogbo Ajah ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí kò sí ẹni tó ń kọ ọjọ́ ìbí ọmọ sílẹ̀ nígbà náà. Ogun ni wọ́n fi ń ṣírò, tàbí òjò ńlá, tàbí ikú baálẹ̀. Làtífátù ti bí méjì ṣáájú rẹ̀ tí wọn ò dúró, ìdí nìyẹn tó fi sọ èyí ní Dúró, tó sì ń ṣọ́ ọ bí ẹni ń ṣọ́ ẹja tí a sá sóòrùn.

Ọmọ náà kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ tí bàbá rẹ̀ fi kú. Gàníyù, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ tó jẹ́ olórí ẹbí, ní òun yóò bá a tọ́jú ọkọ̀ ojú omi àti àwọ̀n bàbá rẹ̀ títí yóò fi dàgbà. Ó kúkú tọ́jú wọn. Ó tọ́jú wọn dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò fi rí wọn mọ́.

Nígbà tí títì Ẹ̀pẹ́ ń bọ̀, tí ẹbí bẹ̀rẹ̀ sí í pín ilẹ̀ wọn lápá Igbó Ẹfọ̀n, Gàníyù tún kéde pé ọkùnrin tí kò bá tíì pé ọmọ ọdún méjìdínlógún, olórí ẹbí ni yóò bá a di ìpín tirẹ̀ mú. Làtífátù ò bá a jiyàn. Ó wọ mọ́tò lọ sí kóòtù Ẹ̀pẹ́, ó bá ọkùnrin kan tó ń fi tápùráítà kọ̀wé fún ará ìlú lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀, ó ní kó kọ ọ́ pé ọmọ òun ti pé méjìdínlógún. Ó gbé ọwọ́ lé Kùránì, ó búra, wọ́n lu òǹtẹ̀ sí ìwé náà. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni Dúró nígbà náà, àmọ́ ó ti ga ju Gàníyù lọ.

Gàníyù wo ìwé, ó wo ọmọ. Ó mọ̀ pé irọ́ ni, ìṣojú rẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ ọmọ lórúkọ. Ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ ìjọba wà níbẹ̀, òun náà sì lóhun tó ń fi pamọ́ tí kò fẹ́ kí kóòtù bi òun léèrè. Ó gbé ìpín sílẹ̀. Àwọn obìnrin ilé ní orí Làtífátù pé, òun náà sì ń rẹ́rìn-ín fún odindi oṣù kan. Ọgbọ́n àgbọ́njù ní ń pa òdù ọ̀yà, àmọ́ ta ló ń rántí òwe lọ́jọ́ tí ọgbọ́n bá ń ṣiṣẹ́?

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àwọn ológun ti gba ìjọba padà. Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan, tí gbogbo èèyàn wà ní mọ́ṣáláṣí, Àbọ̀ àti Mọ́rúfù, ọkùnrin méjì tó ti tó bímọ, pe Dúró lọ sí ibi tí wọ́n ti ń mọ búlọ́ọ̀kù. Wọ́n de ọdẹ ibẹ̀ mọ́ igi àgbọn, wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń fa omi. Dúró ló bá wọn di okùn mú. Mi ò ní parọ́ fún yín, ó ṣe é. Rédíò ọdẹ náà ni wọ́n fún un gẹ́gẹ́ bí ìpín tirẹ̀. Àwọn méjèèjì gba orí omi sá lọ, wọn ò sì rí wọn di òní. Dúró ní tirẹ̀ gbé rédíò jókòó sí iwájú ilé ìyá rẹ̀, ó yí i sókè, ó ń gbọ́ bọ́ọ̀lù. Ibẹ̀ ni ọlọ́pàá ti bá a. Nígbà tí wọ́n ń tú ilé wá ẹ̀rọ omi kiri, ìwé Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n rí nínú àpótí Làtífátù.

Lọ́yà tí ìjọba fún wọn, ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Morẹ́nikẹ́, ṣàlàyé pé lábẹ́ òfin ológun, ẹni tó bá fipá jalè, ì báà má mú ohun ìjà dání, ọdún mọ́kànlélógún ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀, kì í dín. Ẹni tí kò bá tíì pé mẹ́tàdínlógún nìkan ni wọ́n ń yọ kúrò níbẹ̀, wọn a mú un lọ sí ilé tí wọ́n ti ń tọ́ ọmọ sọ́nà. Ó bi Làtífátù pé ọmọ ọdún mélòó ni Dúró.

“Mẹ́rìnlá ni.”

“Màmá, ìwé yín ní mọ́kàndínlógún.”

Làtífátù sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Lọ́yà gbé bírò sílẹ̀. Wọ́n ti ní kí dókítà yẹ ọmọ náà wò, dókítà sì ti kọ ọ́ pé ó lè jẹ́ mẹ́rìndínlógún, ó sì lè jẹ́ ogún. Ohun tó kù ni pé kí àgbà kan láti ẹbí bàbá ọmọ wá jẹ́rìí.

Làtífátù lọ kúnlẹ̀ fún Gàníyù. Ó bẹ̀ ẹ́ ní ọlá Ànábì, ó bẹ̀ ẹ́ ní ọlá àbúrò rẹ̀ tó wà lábẹ́ ilẹ̀. Gàníyù jẹ́ kó bẹ̀bẹ̀ tẹ́rùn kó tó dáhùn.

“Ìyàwó, òtítọ́ ni màá sọ fún wọn. Àmọ́ tó bá jẹ́ mẹ́rìnlá ni ọmọ, ìpín rẹ̀ ti padà sọ́wọ́ mi nìyẹn. Kọ́kọ́ tẹ̀ka síbí ná.”

Ó ti kọ ìwé náà sílẹ̀ kí obìnrin náà tó dé. Làtífátù tẹ̀ka. Ká ní Gàníyù ní kó yọ ojú rẹ̀ kan fún òun, ì bá yọ ọ́.

Lọ́jọ́ ìdájọ́, Làtífátù jẹ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn pé òun parọ́ ní Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n ti òun mọ́lé, kí wọ́n fi ọmọ sílẹ̀. Gàníyù wọ agbádá funfun, òun náà búra, ó sì sọ òtítọ́ látòkè délẹ̀. Ó sọ ọdún, ó sọ oṣù, ó ní ọwọ́ òun ni òun fi gbé ọmọ náà lọ́jọ́ ìkómọ. Inú Làtífátù bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Agbẹjọ́rò ìjọba tó ń pe Dúró lẹ́jọ́ wá dìde, ó bi Gàníyù pé tí ọmọ yìí bá jẹ́ mẹ́rìnlá, ta ni yóò di ilẹ̀ rẹ̀ mú. Gàníyù ní òun ni. Ó tún bi í pé ṣé obìnrin yìí ti fọwọ́ sí nǹkankan fún un.

Ọmọ onílẹ̀ ni Gàníyù, ìwé ilẹ̀ kì í jìnnà sí àpò rẹ̀, kí ẹlòmíràn má baà jí i. Ó rò pé wọ́n ń bi òun bóyá òun ṣe é bó ṣe yẹ. Ó ki ọwọ́ bọ àpò agbádá, ó fa ìwé náà yọ, ó nà án sí wọn. Ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú ìgbẹ́jọ́ ni wọ́n tẹ̀ka sí i. Lọ́yà Morẹ́nikẹ́ fọwọ́ bojú.

Adájọ́ ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mejì.

“Lọ́dún tó kọjá, obìnrin yìí búra, ó gba ilẹ̀,” ó ní. “Lónìí ó tún búra, ó fi ilẹ̀ ra ẹlẹ́rìí. Èyí tó ní òǹtẹ̀ ni mo gbà.”

Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Òtítọ́ kúkú bá a lọ́jọ́ náà, ó bá a nínú kóòtù lójú gbogbo ayé, kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún un. Ọdún mọ́kànlélógún ni wọ́n dá fún Dúró. Gàníyù gba ìwé rẹ̀ padà, ó ká a, ó fi sápò. Ìka Làtífátù ṣì wà lára rẹ̀, nítorí náà àgbàlagbà ni Dúró lójú adájọ́, ọmọdé ni lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ibi méjèèjì ló ti pàdánù.

Bí wọ́n ṣe fẹ́ mú un jáde, ó yíjú sí ìyá rẹ̀.

“Ìyá mi, ẹ sọ fún wọn.”

“Mo ti sọ fún wọn, Dúró.”

Ọmọ náà bú sẹ́kún. Ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè nu imú, ó ń fi èjìká nù ún, ó ń pe ìyá rẹ̀ títí wọ́n fi mú un dé ẹnu ọ̀nà. Kò sí ẹni tó wà níbẹ̀ tí kò gbọ́ pé ẹkún ọmọdé ni. Adájọ́ náà gbọ́ ọ, ó gbójú sókè díẹ̀, ó wá ní kí wọ́n pe ẹjọ́ tó kàn.