Ọjọ́ Tí A Kò Pọn Ọkọ Wa Dé Ibi Ọkọ̀

Ní Portgarrow, abúlé apẹja wa létí òkun, ìyàwó ló ń pọn ọkọ rẹ̀ dé ibi ọkọ̀ ojú omi. A kò ní èbúté nígbà náà, àfi etí òkun olókùúta. Ọkùnrin tó bá fi bàtà tútù wọ ọkọ̀ láàárọ̀, inú bàtà náà ni ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò ti gan títí di ìrọ̀lẹ́. Nítorí náà a óò ká yẹ̀rì sókè, a óò wọ omi dé itan, a óò sì gbé wọn sínú ọkọ̀ bí ọmọ ọwọ́. Ìyá mi ṣe é, èmi náà ń ṣe é.

Lórí òkè tó kọjú sí òkun ni Ọ̀gbẹ́ni Duthie, ẹ̀ṣọ́ etíkun, ti ń gbé àmì ìjì sókè. Aṣọ ìgbòkun dúdú ni, ó ṣóńṣó bí òkòtó, òkòtó náà la sì ń pè é. Duthie ti ṣàlàyé rẹ̀ fún mi rí. Ó ní láràárọ̀ ni àwọn tó ń wo gíláàsì afẹ́fẹ́, èyí tí a fi ń mọ bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó, káàkiri etíkun, títí dé Ireland, ń fi wáyà ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù. Bí mẹ́kúrì inú gíláàsì Ireland bá já wálẹ̀, Lọ́ńdọ̀nù á mọ̀ pé ìjì ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa kí àwa tó rí ìkùukùu, wọn á sì fi wáyà sọ fún òun kí òun gbé òkòtó sókè.

Àwọn ọkùnrin wa kò gbà. Wọ́n ní akọ̀wé tí kò fa àwọ̀n rí kò lè kọ́ àwọn ní òkun. Òkòtó wà lókè lọ́jọ́ tí àbúrò mi Jeems lọ tí kò bọ̀. Nígbà tí omi gbé òkú rẹ̀ wá sétí òkun, ẹ̀wù òtútù tí mo hun fún un la fi dá a mọ̀.

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù kẹta, òkòtó tún gòkè, ṣóńṣó rẹ̀ dojú kọlẹ̀: ìjì láti gúúsù. Ojú ọ̀run mọ́ kedere, òkun sì dákẹ́ bí omi inú àwo. Gilbert ọkọ mi ń dúró kí n bẹ̀rẹ̀ kí òun lè gun ẹ̀yìn mi. Mo jókòó sórí òkúta.

Ó bi mí pé kí ló dé. Mo ní n kò ní pọn ọ́n lónìí. Ó rẹ́rìn-ín, títí Isobel aládùúgbò wa fi wá jókòó tì mí, tí àwọn ìyàwó yòókù náà sì ń jókòó lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Hendry, àgbà wọn lójú omi, wá dúró lé mi lórí. "Ìyàwó Gilbert, ṣé ẹ̀yìn ló ń dùn ọ́, àbí Lọ́ńdọ̀nù ló fẹ́ ọ?"

"Ẹ̀yìn mi le koko, Bàbá Hendry. Bí ẹ bá fẹ́, mo lè pọn yín lọ sílé."

Àwọn ọ̀dọ́ wọn fi ọwọ́ bo ẹnu. Wọ́n lè fẹsẹ̀ ara wọn wọ omi, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó fẹ́ jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí gbogbo ìlú yóò rí pé ìyàwó kọ̀ láti pọn. Wọ́n ń wo ara wọn títí omi òkun fi fà sẹ́yìn, tí ọkọ̀ sì fìdí kalẹ̀ sórí òkúta, tí kò ṣeé tì jáde mọ́.

Lọ́sàn-án, oòrùn ṣì ń ràn. Àwọn ọkùnrin ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà wa, wọ́n ń béèrè bóyá ìjì náà ṣìnà. Gilbert kò fọwọ́ kan oúnjẹ. Mo ń tún okùn ìwọ̀ ṣe lọ ní tèmi. Ọkàn mi balẹ̀; mo ti sin ẹnì kan, n kò ní sin ìkejì nítorí ìtìjú.

Nígbà tí ọjọ́ rọ̀, atẹ́gùn dé láti gúúsù. Kò wá díẹ̀díẹ̀. Ó wó lù wá bí ògiri. Ó ká koríko òrùlé Isobel lọ.

Gilbert dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo apá ibi tí ì bá ti máa fa okùn ìwọ̀ rẹ̀ lákòókò náà. Omi funfun ló bo ibẹ̀. Ó yíjú sí mi.

"Nígbà mìíràn, sọ fún mi kí n tó wọ bàtà."

"Òkòtó wà lókè kí o tó wọ̀ ọ́. Fèrèsé wa kọjú sí i."

Ó ní òun á máa wò ó. Mo bu ọbẹ̀ ẹja fún un, ó sì jẹ ẹ́ tán.