Ara Rẹ̀ Le Koko

"Màmá, ṣé ọmọ yín ní àìsàn kankan lára?"

Abọ́ ìrẹsì fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Àwáwù. Irú ìbéèrè wo ni wọ́dà yìí ń bi òun, lójú gbogbo èrò tó wá wo ẹbí wọn lọ́gbà ẹ̀wọ̀n! Fàtímọ̀, aládùúgbò rẹ̀ tí wọ́n jọ wọkọ̀ láti Ẹdẹ láàárọ̀, sì ti ń na etí bọ̀.

"Àìsàn kẹ̀? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ara ọmọ mi le koko."

Wọ́dà Abọ́sẹ̀dé ní àwọn ń pín àwọn ẹlẹ́wọ̀n tuntun síṣẹ́ ni: àwọn kan á máa ránṣọ níbí, àwọn tó bá lágbára á lọ sí oko ìjọba. "Oko nìyẹn," ló wí, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwáwù dúpẹ́. Láti kékeré ni ikọ́ ti ń sé Nasrullah léèémí bó bá ti fa eruku símú. Òun ló ń gbé e jókòó, tó ń fín oògùn sí i lẹ́nu; ike oògùn náà wà nínú àpò rẹ̀ lónìí pàápàá. Ṣùgbọ́n ta ní í fẹnu ara rẹ̀ pe àìsàn mọ́ ọmọ ẹ̀? Nínú agbo ilé tiwọn, bí ọmọ ń kú lọ, àlàáfíà ni wọ́n máa wí fún àlejò.

Wọ́n mú Nasrullah jáde. Ó ti rù, ẹ gbà mí! Kò tilẹ̀ wo ìrẹsì.

"Màámi, ṣé wọ́n ti bi yín? Mo ní mi ò lè ṣoko, wọ́n ní mò ń sá fúnṣẹ́ ni, àfi káwọn bi ẹbí mi. Ẹ sọ ti ikọ́ yẹn fún wọn, àbí?"

Ọmọ náà wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì mọ̀.

"Kò burú, Màámi."

Kò bínú. Ì bá bínú, ì bá sàn.

Àwáwù sáré padà, ó kúnlẹ̀, ó na ike oògùn sí wọ́dà, ó ní ikọ́ ń sé ọmọ òun léèémí.

"Màmá, ìyá wo ni kì í sọ bẹ́ẹ̀ tó bá ti gbọ́ oko? Ẹ̀yin náà lẹ ní ara rẹ̀ le. Ọkọ̀ tó ń kó wọn lọ sóko ti fẹ́ gbéra."

Ẹyin lohùn. Èyí ti balẹ̀.

Nígbà tí òun àti Fàtímọ̀ ń padà sí Ẹdẹ, wọn ò tíì kọjá Sekona tí Fàtímọ̀ fi yíjú sí i. Ọyẹ́ ń gbé eruku gba fèrèsé wọlé.

"Ìyá Nasrullah, ọmọ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ àlàáfíà ti dé ètè Àwáwù. Ó gbé e mì.

"Ara rẹ̀ ò yá. Ikọ́ ló ń sé e léèémí, láti kékeré."

"Háà! Ọlọ́run á wò ó sàn."

Ọkọ̀ ń lọ. Fàtímọ̀ ti fèrèsé nítorí eruku. Àwáwù di ike oògùn náà mú, ó ń dúró de aburú tí ẹnu ara ẹni máa ń fà wá. Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀.